Mo Purọ́ Pé Yìnyín Ti Dí Kànga Gáàsì Mi

Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi. Mi ò torí àánú kọ eléyìí. Mo kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń ka ìwé yìí, tí inú ẹ̀ ń hó sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, tó sì ti ń wá ọ̀nà tó máa fi ṣe onítọ̀hún pa dà. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Jókòó, kó o gbọ́ tèmi ná.

Velda Pruitt lorúkọ mi. Opó ni mí. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, nítorí bàbá mi tètè yọ mí nílé ìwé pé kí n wá máa fún wàrà màlúù. Òwò ni mo mọ̀. Èmi àti Harlan ọkọ mi la ni àwọn kànga gáàsì kan ní ìwọ̀ oòrùn Oklahoma níbí, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ la sì ń tà fún bárékè ológun Tolliver. Òun ni wọ́n fi ń mú ilé móoru, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ àwọn sójà.

Nígbà yẹn, bárékè kọ̀ọ̀kan ló ń ra gáàsì tiẹ̀. Bàbá Delbert Yoakum, ọ̀gá àwọn tó ń mójú tó ooru ní Tolliver, á wá jókòó sí ilé ìdáná mi, á mu kọfí, á jẹ páì, òun àti Harlan á bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó parí. Gáàsì ti tà.

Ìjọba wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo tó wà ní Virginia lọ́hùn-ún ni á máa ra gáàsì fún gbogbo bárékè, kí owó lè dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ gba orí kọ̀ǹpútà wọlé, kó dá iye tiẹ̀, ẹni tí iye ẹ̀ bá kéré jù ni wọ́n máa mú.

Ọdún yẹn náà ni Harlan kú.

Royce Tibbets wà lára àwọn tó gbé pósí ọkọ mi. Ọ̀rẹ́ Harlan ni, onígáàsì bíi tiwa. Oúnjẹ tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gbé wá kò tíì tán nínú fíríìjì mi tó fi kan ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "nǹkan orí kọ̀ǹpútà yìí, ẹ ò lè dá a ṣe. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Èmi á kọ̀wé, ẹ̀yin á gbé gáàsì wá. Orúkọ èmi àti Harlan ló máa wà níbẹ̀."

Mo ní, "Royce, Ọlọ́run á bù kún ọ."

Ó ní, "Ẹ ṣáà sọ iye tẹ́ ẹ lè tà á fún mi, iye tó jẹ́ pé tó bá kéré sí i báyìí, ẹ máa jẹ gbèsè."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo bù páì fún un lé e lórí. Àwọn onígáàsì kì í sọ iye yẹn síta, ìyàwó ẹlòmíì gan-an ò mọ̀ ọ́n. Èmi sọ ọ́, nítorí ó gbé òkú ọkọ mi.

Ó lọ fi orúkọ ara ẹ̀ nìkan du iṣẹ́ náà. Iye tó kọ síbẹ̀ fi díẹ̀ báyìí kéré sí iye tí mo sọ fún un. Wọ́n gbé e fún un.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì ẹ̀. Mo ní, "Royce, orúkọ Harlan dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé Harlan ló máa wá tẹ kọ̀ǹpútà ni? Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní já yín jù sílẹ̀. Ẹ̀yin á máa tà á fún mi, èmi á máa tà á fún wọn. Ìdajì lọ́dọ̀ yín, ìdajì yòókù, mo mọ ibi tí màá ti rà á."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kànga ò ṣeé gbé sórí, kí èèyàn máa kiri ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta gáàsì mi pẹ̀lú àdánù fún ẹni tó jí oníbàárà mi. Tó bá kọjá nínú ọkọ̀ tuntun ẹ̀, á fọn fèrè, èmi náà á juwọ́ sí i. Ẹ ò mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe máa ń wúwo tó nígbà tí mo bá gbé e sókè.

Mo ní lọ́kàn mi, mo máa mú ọ. Mi ò mọ ọjọ́, mi ò mọ bó ṣe máa rí, àmọ́ mo máa mú ọ, Royce.

Ọjọ́ náà dé nínú oṣù Èrèlé.

Nínú òwò wa, tí ìsinmi bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la ti máa ń ra gáàsì títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, odindi ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orí fóònù la ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹni tó fẹ́ rà á á bi mí pé ṣé mo ní in, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti di àdéhùn nìyẹn. Ìwé á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá yẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá a dòwò mọ́.

Royce pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìsinmi oṣù Èrèlé yẹn. "Ìyàwó wa, ìdajì mi ńkọ́? Títí di Ìṣẹ́gun?"

"Ó wà fún ọ."

"Wọ́n ní òtútù ń bọ̀ o."

"Mo gbọ́. Mo ní ó wà fún ọ. Ìdajì yòókù ńkọ́?"

"Ẹyin yín ni kẹ́ ẹ máa ṣà, ẹ fi adìyẹ tèmi sílẹ̀," ó ní, ó sì já fóònù. Bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Òtútù náà dé lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ ti àríwá wá bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, omi tí mo gbé fún àwọn adìyẹ ti di òkúta, títì sì ń dán bíi gíláàsì. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wá gáàsì.

Ọkùnrin kan wà ní Texas tó ń jẹ́ Buster Ligon, tó ń wá gáàsì fún àwọn tó ń fi í ṣe iná mànàmáná. Ó pè mí.

"Màmá, ẹ ní gáàsì?"

"Mo ti ta tèmi."

"Ẹ gbà á pa dà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ tà á fún. Ẹ dárúkọ iye tó bá wù yín. Mi ò ní ná an."

Mi ò parọ́ fún yín, owó náà dùn-ún gbọ́. Àmọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Royce ni mò ń rí. Royce tí kò ní gáàsì láti gbé fún Tolliver nínú irú òtútù báyìí. Àwọn ará Virginia á ṣí ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, wọ́n á gbọ́ pé ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ti já wọn kulẹ̀, wọ́n á lé e, wọ́n á tún gbé iṣẹ́ náà síta. Èmi á sì ti wà nílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ onígáàsì nínú àdéhùn: kí yìnyín dí kànga ẹ̀. Omi wà nínú gáàsì bó ṣe ń jáde nílẹ̀, tí òtútù bá mú jù, omi yẹn á dì lẹ́nu kànga, gáàsì ò ní í lọ mọ́. Kò sí ẹni tó máa bá ọ wí. Gbogbo wa la mọ̀ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Mo ní kí Ligon máa gbà á. Mo wá pe Royce.

"Royce, kànga mi ti dì o."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ìyàwó wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Gbogbo wọn kẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mo rán òtútù níṣẹ́ ni? Lọ bá Ọlọ́run jà."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbé kọfí kaná, mo jókòó sórí àga Harlan, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Mo ti bá ọkàn mi sọ ọ́ pé kò sí sójà tó máa jìyà. Mo mọ Tolliver dáadáa. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń mú ibùsùn sójà móoru, tí gáàsì bá wọ́n, wọ́n lè jó epo, táǹkì epo sì wà nílẹ̀ fún un. Royce nìkan ló máa jó níná, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Mi ò rántí àwọn ilé ìdílé. Bóyá mo rántí, tí mo mójú kúrò. Àwọn ilé kéékèèké tí àwọn sójà ń bá ìyàwó àti ọmọ gbé kò ní táǹkì epo kankan. Gáàsì ni tiwọn, òun náà ni wọ́n ní.

Lọ́jọ́ Àìkú, rédíò ní wọ́n ti pa gáàsì àwọn ilé yẹn, wọ́n sì ń kó àwọn ìdílé lọ sínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá.

Royce ń pè. Mo jẹ́ kó dún. Ó tún pè. Nígbà tó wù mí, mo gbé e.

"Ìyàwó wa, mo bẹ̀ yín. Mo ti kúnlẹ̀ o. Nínú ọ́fíìsì mi níbí, orí eékún ni mo wà."

"Ilẹ̀ ọ́fíìsì ẹ á tutù."

"Nítorí Harlan!"

Ká ní kò dárúkọ yẹn ni, bóyá. Mo ní, "Ní kí Harlan wá bá ọ tẹ kọ̀ǹpútà," mo já fóònù.

Ẹ̀yin ará, ó dùn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀san ò dùn, kò tíì jẹ ẹ́ rí.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Delbert pè. Ohùn ẹ̀ ti há.

"Velda, ṣé òótọ́ ni pé gbogbo ẹ̀ ló dì?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Àwọn abiyamọ ló kún gbọ̀ngàn yìí. Kódà kó jẹ́ kànga kan péré lo lè tú, dákun."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbé ọwọ́ lé fóònù láti pe Ligon pé kó dá gáàsì mi pa dà. Mo wá rò ó pé tí gáàsì bá dé Tolliver lálẹ́ yẹn, títí Virginia á fi ṣí ọ́fíìsì, gbogbo ilé á ti gbóná, Royce á sì ní akọni lòun. Mo ní kí wọ́n ṣáà mú un mọ́ra títí di Ìṣẹ́gun. Wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sídìí kànga tó tóbi jù. Ẹ̀rù ti ń bà mí kí irọ́ mi má lọ di òótọ́, nítorí náà mo gbé oògùn tí kì í jẹ́ kó dì, tí a máa ń dà sí i, dání. Kànga ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin. Ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì sínú páìpù ń bú ramúramù, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà mi, yìnyín tó yí i ká ti yọ́ di ẹrẹ̀. Mo tiẹ̀ bọ́ kóòtù mi kọ́ sára ẹ̀rọ náà kó lè móoru.

Ariwo ẹ̀rọ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbà tí mo yíjú pa dà, Royce ni mo rí. Ó wa ọkọ̀ omi gbígbóná tí a fi ń yọ́ kànga tó bá dì, wọ́n so ṣéènì mọ́ táyà ẹ̀. Bàbá Delbert jókòó tì í. Sójà méjì tẹ̀ lé wọn nínú ọkọ̀ tiwọn, ṣọ́bìrì ló kún ẹ̀yìn ẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn níhìn-ín: tí kànga ẹnì kan bá dì, aládùúgbò á wá bá a yọ́ ọ. Mo ti ṣe é fún èèyàn láìmọye ìgbà. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan lè wá ṣe é fún mi.

Bàbá Delbert sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù, ó dúró báyìí bí ẹni tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

"Ó ń lọ," ó ní. "Velda, ó ń lọ."

"Bàbá..."

"Ibo ló ń lọ?"

Mi ò lè parọ́ míì. "Texas."

Ọ̀kan nínú àwọn sójà yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìtìjú ò mú mi bó ṣe yẹ. Royce ni mo kọjú sí. "Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni! Ṣé o rò pé màá jẹ́ kó lọ báyẹn? O gbé òkú ọkọ mi, o wá jẹ páì mi, o gba iye mi lẹ́nu mi, o lọ tà mí! Lọ sọ fún àwọn ará Virginia pé opó ló ṣe ọ́!"

Mo rò pé á bínú. Mo ń retí ẹ̀. Ojú ẹ̀ kàn tú ká, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀. Mo rí i, mi ò sì mọ ohun tí mo rí.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, Bàbá Delbert?" ó ní. "Ẹ̀yin sójà, ẹ gbọ́?"

Bàbá Delbert ń wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ pa dà. "Ọmọ kan wà nínú gbọ̀ngàn yẹn tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Láti àná, inú ẹ̀wù bàbá ẹ̀ ló wà, lára àyà bàbá ẹ̀, kí ara ẹ̀ má baà tutù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń mu kọfí ẹ, Velda. Mi ò ní í mu ún mọ́."

Wọ́n lọ. Mo pe Ligon, mo pariwo mọ́ ọn títí ó fi dá gáàsì mi sílẹ̀. Ilé àwọn ìdílé gbóná pa dà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà yè é. Ẹ dúpẹ́ fún mi lórí ìyẹn, nítorí tí kò bá yè é, ẹ ò ní rí mi kí n kọ nǹkan kan.

Ọ́fíìsì Virginia rán obìnrin kan wá, Arábìnrin Oduber. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Ó kó gbogbo wa jọ sí Tolliver. Royce kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó ní ọwọ́ mi lòun ti ra gbogbo gáàsì ìsinmi yẹn.

Mo dìde. "Irọ́ ni! Ìdajì ló rà! Ìdajì ni mo ṣèlérí lórí fóònù, òun ló ní òun mọ ibi tóun ti máa ra ìdajì yòókù!"

Obìnrin náà wò mí. "Ta ló gbọ́ ọ?"

"Èmi àti ẹ̀ la jọ sọ ọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni."

"Ẹnu tó ní kànga dì yẹn náà?"

Ṣé ẹ rí i, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo Bàbá Delbert pé kó gbà mí gbọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ta gáàsì fún ìjọba mọ́, ì báà jẹ́ ní gbangba, ì báà jẹ́ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Àwọn onígáàsì tó kù gbọ́, wọn ò pè mí mọ́. Wọ́n ní Royce ò jẹ̀bi, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀ ni. Nígbà tí koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, mo lọ ra oúnjẹ adìyẹ nílé ìtajà. Mo gbé àpò kan lápá, Royce yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tuntun míì tó rà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnì kankan nítòsí.

"Ìyàwó wa, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Kúrò lọ́nà mi."

"Ìdajì yòókù yẹn. Mi ò rà á."

Mo dúró.

"Mi ò rà á rárá," ó ní. "Mo rò pé òtútù yẹn ò ní í tó nǹkan, pé màá máa rà á lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dínwó. Àfi bí ọjà ṣe gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tẹ́ ẹ fi ń sọ fún mi pé kànga yín dì, èmi ti jókòó, mo ti mọ̀ pé tèmi ti tán. Ká ní ẹ gbé ìdajì yín wá báwọn èèyàn ṣe ń gbé e, ìdajì tèmi ni wọn ì bá máa wá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ì bá ti lé mi, wọn ì bá sì ti wá máa bẹ̀ yín. Irọ́ yín ló bo ìdajì tèmi mọ́lẹ̀." Ó ṣí fìlà ẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó ṣe ṣí i níbi ìsìnkú Harlan. "Ẹ bá mi kí àwọn adìyẹ."

Ó fọn fèrè bó ṣe ń lọ.

Mi ò dárí jì í. Ẹni tó bá fẹ́ kí n sọ pé mo ti dárí jì í, kó ṣí ojú ewé míì. Mo ṣì fẹ́ rí i nílẹ̀, kí n sì wà níbẹ̀.

Àmọ́ ìwọ tó ò ń ka eléyìí, tó ò ń pète ibi sí ẹnì kan lóru: ọ̀dàlẹ̀ tó dà ọ́ yẹn, ṣé o rò pé ìwọ nìkan ló ń dà? Ó ti ń dà wọ́n káàkiri. Ó ti ń ṣubú lọ. Lọ ṣe iṣẹ́ tìẹ bó ṣe yẹ, kó o wá fọwọ́ lẹ́rán. Royce ti ń ṣubú lọ fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tì í. Èmi Velda ni mo sáré lọ, tí mo fi gbogbo ohun tí Harlan fi sílẹ̀ fún mi gbé e dìde.

Ní báyìí, tó bá kọjá tó fọn fèrè, mi ò juwọ́ sí i mọ́. Mo kàn ń wò ó.